Apẹ̀rẹ̀ Òdòdó Láti Japáànù

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìdí-Ìrókò ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn mi.

Àbúrò ló gbé apẹ̀rẹ̀ kan lé itan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fara tì í. Japáànù ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi. Òdòdó ni mo fẹ́ tò sínú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ọparun kọ́ ni wọ́n fi hun ún ni?”

“Ọparun ni.”

“Gbogbo ihò yìí ńkọ́? Omi ò ní jò?”

“Ìgò kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń gba omi dúró. Ihò yẹn gan-an lẹwà ẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Ihò ti wá dẹwà. Apẹ̀rẹ̀ ọparun tí Bàbá fọwọ́ ara wọn hun fún ìgbéyàwó rẹ, ìwọ lo ní kí n gbé e pamọ́, kí àwọn àna rẹ má baà rí i.”

“Ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà yẹn.”

“Rárá o. Apẹ̀rẹ̀ Bàbá ni kò gba Japáànù kọjá.”

Àbúrò rọra béèrè pé, “Ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà ní Igbógílà. Adìyẹ mi ló ń sàba nínú ẹ̀. Òun ò béèrè ìlú tí wọ́n ti hun ún.”