Tẹlifíṣọ̀n Àlàájà Wàlíyátù Kò Bàjẹ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n mú Àlàájà Wàlíyátù dé láti ilé ìwòsàn ojú. Mo kí wọn. Ògiri ni wọ́n kọjú sí tí wọ́n ń dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, n kò lè pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra mọ́.

Èmi Wàsíù ni mò ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe fún wọn ní Èjìgbò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà mi, àwòrán yìí ń ṣókùnkùn létí létí. Àárín nìkan ló kù." Mo tàn án. Ó mọ́lẹ̀ kedere dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mọ̀ pé ojú ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá mi wí ní Masifa kí tiwọn tó fọ́: wọ́n ní ó dà bí ẹni ń yọjú wo ayé láti inú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gun bíríkì méjì wo tẹlifíṣọ̀n lójú fèrèsé aládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n da omi ìfọṣọ lé mi lórí. Ojú tẹlifíṣọ̀n Àlàájà fẹ̀, ó tutù lọ́wọ́ mi bí omi àárọ̀. Mo fẹ́ ẹ.

Mo ní, "Ó ti ń kú lọ, Àlàájà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò. Tẹlifíṣọ̀n ń tanná sí ènìyàn lójú ni. Ara ògiri ni purojẹ́tọ̀ ń tan tiẹ̀ sí. Ó tóbi, ó sì rọ ojú lọ́rùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ògiri tèmi náà á wá di Àbíjàn?"

Tàófíìkì ọmọ wọn tó ń gbé ní Àbíjàn fi ọ̀kan ránṣẹ́, pẹ̀lú fídíò àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, a fa kọ́tìnì. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn yọ lára ògiri, wọ́n ga dé àjà, wọ́n fẹ́lẹ́ bí èéfín. Àlàájà dìde, wọ́n ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rín àwọn ọmọ náà sì ń ṣàn kọjá lórí ìka wọn. Ọwọ́ Àlàájà wá dúró.

"Wàsíù, etí àwòrán yìí ṣì ń dúdú. Àbí ojú mi ni?"

Tẹlifíṣọ̀n wọn ti wà lára ògiri mi nílé. Bí mo bá sọ òótọ́, màá dá a padà. Mo ní, "Rárá o, Àlàájà. Kọ́tìnì ni. Purojẹ́tọ̀ kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀." Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n rán kọ́tìnì tó nípọn.

Dókítà ní ká ní wọ́n tètè wá ni, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ì bá dá àrùn ojú náà dúró. Àlàájà, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, bí ẹ̀rọ kò bá bàjẹ́, ẹ sọ pé kò bàjẹ́.

Ojú ọ̀tún wọn lọ ní oṣù Kejìlá. Tòsì lọ ní oṣù Kẹrin.