Ewé Dúrókími

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi gun òkè, ẹ gbọ́, bàọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì. Èmi ìyá àgbà yín yìí. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?

Kì í ṣe irú tòní o. Bísọ́lá, fóònù lo fi ń ya ewé, òun náà ló ń sọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ fún ẹ. Igbó làwa ń wọ̀. Olùkọ́ mi ní, "Lọ kó ewé tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wo ibà, kí o bi wọ́n lórúkọ. Bí iṣẹ́ yìí bá dára, ọ̀dọ̀ wa níbí lo máa dúró sí, wàá di olùkọ́." Háà! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Mo kúrò ní Ìwó, ó di Olúpọ̀nnà, ọ̀dọ̀ bàbá àgbẹ̀ kan tí wọ́n ní kò sí ewé tí kò mọ̀. Sòkòtò ni mo wọ̀. Ìgò tí mo fẹ́ kó ewé sí kún ọwọ́ mi méjèèjì, ilẹ̀ sì rin. Mo dúró gbagidi, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Mi ò kúnlẹ̀...

Ó wò mí títí. Ẹ gbọ́, mò ń pe àgbà ní "ó", àbí? Mo mọ̀. Ẹnu mi kọ̀ láti pè é ní "wọ́n".

Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ewé méjìlá, ó dá orúkọ méjìlá fún mi. Ó kan ọ̀kan, ó ní, "Dúrókími lèyí." Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣebí ewé kan ń jẹ́ patanmọ́? Kí ni mo fẹ́ fura sí? Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo dúró ṣàlàyé iṣẹ́ mi, àgbà olùkọ́ kan wá láti ibòmíì, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ewé náà. Wọ́n dé orí ìyẹn. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ọmọbìnrin yìí, báwo lo ṣe kí ẹni tó fún ẹ lórúkọ yìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Wọ́n yẹ àwọn tó kù wò, irọ́ ni méjèèjìlá. Wọ́n fún mi níwèé ẹ̀rí ṣá, àmọ́ àyè olùkọ́ yẹn, ẹlòmíì ló gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo padà lọ bẹ bàbá. Wọ́n ti sin ín. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àṣé ìwọ ni! Ó fi ẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi kú."

Mo jẹ̀bi, mo gbà. Àmọ́ ṣé torí ìkúnlẹ̀ ọmọ kan lèèyàn ṣe ń kó ìmọ̀ wọ sàréè? Inú ṣì ń bí mi sí i. Àwọn ọmọ tó bí gan-an ò mọ ewé kankan, ilé ni wọ́n kọ́ kún oko yẹn.

Bísọ́lá, bí o bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ lọ́la, gbé fóònù ọwọ́ ẹ sílẹ̀ ná. Ewé yẹn ṣì wà láàárín ìwé mi, ó ti gbẹ. Ẹ bi mí ní orúkọ tó ń jẹ́... mi ò mọ̀ ọ́n.