Ọ̀nà Ilé Àna Ti Pòórá

[Ariwo gáréèjì. Àwọn awakọ̀ ń pe èrò.]

MOJỌLÁ: Hẹ́lò? Ládélé! Níbo lo wà?

LÁDÉLÉ: Mojọ mi. O kú ọjọ́ ńlá o. Ṣé dáadáa ni? Ṣé Bàbá àti Màmá—

MOJỌLÁ: Wọ́n wà ní pálọ̀. Àwọn ará ilé yín náà ti jókòó tipẹ́. Rọra sọ̀rọ̀ o, inú yàrá ni mo wà, wọn ò tíì pe ìyàwó jáde. Ibo lo dé?

LÁDÉLÉ: Mo ti dé Òkè-Ìmẹ̀sí.

MOJỌLÁ: Ọpẹ́ o! Lẹ́tà ìtọrọ ńkọ́?

LÁDÉLÉ: Ó wà lọ́wọ́ mi.

MOJỌLÁ: Máa bọ̀ nígbà náà! Fúnkẹ́ àbúrò mi tó máa kà á ti ń húkọ́ láti àárọ̀ kí ohùn ẹ̀ lè là.

LÁDÉLÉ: Ṣé o rántí ọjọ́ tí ojú wa kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin?

MOJỌLÁ: Irú ìbéèrè wo nìyẹn nísinsìnyí?

LÁDÉLÉ: Èrò ń jà du takisí kan ṣoṣo tó kù ní gáréèjì yín. O di ilẹ̀kùn ọ̀tún mú, mo di ti òsì mú. O wò mí láti orí òrùlé ọkọ̀. Mi ò mọ̀ ẹ́ rí. Ọwọ́ mi kàn tú sílẹ̀.

MOJỌLÁ: Délé, kí ló ṣẹlẹ̀?

LÁDÉLÉ: Ibẹ̀ gan-an ni mo wà. Mo rántí ìyẹn ketekete. Ṣùgbọ́n ọ̀nà—

MOJỌLÁ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

LÁDÉLÉ: Ọ̀nà ilé yín ti pòórá kúrò lórí mi.

MOJỌLÁ: O wá síbí ní Sunday.

LÁDÉLÉ: Mo mọ̀! Mo gun ọ̀kadà, ó ní, “Níbo?” Mo lanu, orúkọ àdúgbò yín ò wá. Ó ní ọtí ló ń pa mí. Ó sọ̀ mí kalẹ̀.

MOJỌLÁ: Ta ló tiẹ̀ ní kí ìwọ nìkan padà lọ mú lẹ́tà?

LÁDÉLÉ: Bọ̀dá Abíọ́dún, ẹ̀gbọ́n mi. A ti dé Aramọkọ kí n tó rántí pé mo fi í sórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìpotì. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí ẹnì kan tẹ̀ lé mi. Ó ní tí àwọn àna bá rí i pé wọ́n ń fà mí lọ́wọ́ bí ọmọdé, wọ́n á mọ̀ pé ohun tó ṣe mí kì í ṣe ibà.

MOJỌLÁ: Yéè.

LÁDÉLÉ: Mojọ, mo rò pé mo ti gbádùn. Ìbànújẹ́ yẹn ti lọ. Mò ń sùn. Mò ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí orí mi ṣì ń jò bí agbọ̀n?

MOJỌLÁ: Nọ́ọ̀sì sọ fún wa ní Adó. Ó ní ìbànújẹ́ lè lọ, kí ìrántí ṣì máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ara àìsàn náà ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe agọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

LÁDÉLÉ: Ohùn ẹ ń já. Gbogbo wọn ń pariwo, “Ìjerò! Ẹ̀fọ̀n!” Mi ò lè—

MOJỌLÁ: Kẹ̀yìn sí wọn. Kọjú sí ògiri. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, please.

[Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà.]

BÀBÁ: Mojọlá! Ṣé ọkùnrin yẹn lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń fẹ́yàwó ní Ìpotì nìyí? Àgbà jókòó, ọkọ ìyàwó ń rìn gbéregbère?

MOJỌLÁ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó sọnù.

BÀBÁ: Ìlú tí òkè yí ká bí odi yìí! Ibo lèèyàn fẹ́ gbà sọnù? Ó ti mutí.

MOJỌLÁ: Kò mutí, Bàbá. Irọ́ ni mo pa fún yín, kì í ṣe ibà ló ṣe é. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló dá a dùbúlẹ̀. Ó ti dìde, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ò tíì lè to nǹkan bó ṣe ń tò ó.

BÀBÁ: Wèrè lo fẹ́ mú wọ ulé mi?

LÁDÉLÉ: Mo gbọ́ wọn.

MOJỌLÁ: Èmi ni kí o gbọ́!

BÀBÁ: Mo ń lọ bá àwọn àlejò ní pálọ̀. Àdúrà ìparí la ó gbà.

LÁDÉLÉ: Jẹ́ kí n máa padà sí Ìpotì.

MOJỌLÁ: Ọ̀nà Ìpotì wo lo wá mọ̀?

[Ẹ̀rín méjì tó ń gbọ̀n bí ẹkún.]

MOJỌLÁ: Tí mo bá pe orúkọ àdúgbò wa fún ẹ, á tún jò dànù. Dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀.

BÀBÁ: Síbo? Ìyàwó tí a ò tíì pè! Tí o bá kọjá ìloro yìí, mi ò ní gba lẹ́tà kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!

MOJỌLÁ: Ẹ foríjì mí, Bàbá.

[Ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ń sáré. Ọ̀kadà ń kùn.]

MOJỌLÁ: Délé! Ṣé o gbọ́ mi? Kí lo rí lára ògiri?

LÁDÉLÉ: Pósítà ìsọjí.

MOJỌLÁ: Kà á fún mi.

LÁDÉLÉ: “Wá… bí o ṣe wà…”

MOJỌLÁ: Tún un kà. Má dákẹ́.

LÁDÉLÉ: “Wá bí o ṣe wà.” Mojọ, bátìrì mi ti pupa.

MOJỌLÁ: Ó ku díẹ̀. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbí, ẹ ṣeun! Délé, yíjú padà. Rọra. Wo òkè takisí yẹn.

LÁDÉLÉ: Èrò pọ̀ jù—

MOJỌLÁ: Má wo èrò. Ojú kan ṣoṣo ni kí o wá.

LÁDÉLÉ: Mo rí ẹ. O ò wọ bàtà.

MOJỌLÁ: Gbé lẹ́tà yẹn wá.

LÁDÉLÉ: Wọ́n ní ilé yín ni kí wọ́n ti gbà á. Ìwọ kọ́.

MOJỌLÁ: Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilé náà ni? Gbé e wá.

[Ìwé ń dún.]

MOJỌLÁ: Mo ti gbà á. Di ọwọ́ mi mú. Ó yá, ká lọ bá Bàbá àti—

[Ìpè já.]