Àlejò Orí Àga

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò Ìkẹ̀rẹ́, ìyá kan ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé:

“Dókítà ní àìsàn tó ń mú ọwọ́ bàbá àwọn ọmọ mi gbọ̀n náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rí ọkùnrin kan lórí àga.”

“Ẹ ò pe pásítọ̀?”

“Nítorí àlejò tí ò bá ẹnikẹ́ni jà? Àmọ́ bí mo bá ti gbé iyán kalẹ̀, wọ́n á kọjú sí àga náà, wọ́n á ní, ‘Ẹ wá jẹun o.’ Mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀ ni. Wọ́n ní, ‘Mo mọ̀. Ṣé kí n wá máa jẹun lójú ẹni tí mò ń rí, kí n má pè é?’”

“Kí lẹ wá ń ṣe?”

“Mo máa ń bá àlejò dáhùn ni: ‘Á gba ibi ire o.’ Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń na ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn sí òkèlè.”