Egbò Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Jinná

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyàwó ilé tí ẹ máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀yin àna mi, àti ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun tó. Mi ò lè gbé e mì mọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ mi tí wọ́n gé, kì í ṣe àìsàn ló gé e. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ lójú gbogbo yín, òun náà ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó kọ̀yìn sí mi.

Ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. Á wọlé, á da aṣọ ìdọ̀tí kalẹ̀ fún mi, á jẹun, á sùn, ó tún di ojú títì. Mo gbọ́ pé ó ní obìnrin níbi tó ti ń já ẹrù. Mo bi í, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ká ní mo bá a jà ni, ì bá sàn. Èmi ojo, mo rẹ́rìn-ín pa dà, mo gbé aṣọ, mo lọ fọ̀ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ọkọ̀, irin sì ya ojúgun rẹ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ rán an, ṣùgbọ́n nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó wà lára rẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà là pa dà níbì kan. Wọ́n ní ẹran tuntun ni yóò kún ún láti ìsàlẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kúkurú tí ohùn rẹ̀ le, kọ́ mi bí n ó ṣe máa fi omi iyọ̀ tó mọ́ fọ̀ ọ́ nílé, tí n ó máa bò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní kí ọkọ mi jìnnà sí sìgá àti ohun mímu aládùn, kó máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Ó nawọ́ sí ohun pupa kan nínú egbò náà.

“Ẹran tuntun nìyí,” ó wí. “Bí ọmọ tuntun ló ṣe rí. Má fi ohun líle kàn án.”

Mo mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́ rere.

Bí Ẹsẹ̀-ò-gbélé ṣe di ará ilé nìyẹn. Ó ń jẹ oúnjẹ mi ní gbígbóná. Ó ń pè mí láti pálọ̀ pé kí n wá bá òun sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ wá ń sọ pé ọwọ́ ìyàwó wa ni ẹ̀mí àbúrò òun wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ gbé mi síwájú àwọn ìyàwó tuntun pé kí n kọ́ wọn ní ìfaradà. Ìyìn yẹn wọ̀ mí lára bí ọtí. Ẹ gọ̀, àmọ́ èmi tí mo mọ̀ pé ẹ gọ̀ tí mo sì ń tẹ́wọ́ gbà á, kí ni kí a ti pe tèmi?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tú bándéèjì, mo rí i pé etí egbò náà ti ń wá ara wọn. Ọkọ mi fọwọ́ gbá itan.

“Ìyá wọn, kí oṣù tó ń bọ̀ tó pé, mo ti wà lójú títì.”

Kò tilẹ̀ ní o ṣeun. Mo wo ẹran pupa yẹn, mo kórìíra rẹ̀. Ọkùnrin náà ló yẹ kí n kórìíra, àmọ́ àyà mi ò gbé e.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ra sìgá àti ohun mímu aládùn fún un, mo ní kò yẹ kí a fi gbogbo nǹkan du aláìsàn. Ó ní mo láàánú. Mo wá ń fi aṣọ gbígbẹ ha etí egbò náà. Bó bá ní kí n rọra, màá ní kó fara dà á, pé ìdọ̀tí ni mò ń yọ. Nọ́ọ̀sì pààrọ̀ oògùn títí, ó sú u. Ó ní ọkọ mi ló lóríkunkun, ó bú u lójú mi. Ọkọ mi tẹrí ba bí ọmọ iléèwé. Ó ní kí wọ́n bú òun bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má bá ìyàwó òun wí, nítorí èmi ni kò jẹ́ kí òun kú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà.

Nọ́ọ̀sì wá fi oògùn tuntun dì í, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u títí a ó fi pa dà wá. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, egbò náà yóò pa dé. Mo tú u nílé. Mo da apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sára aṣọ tí mo fi ń nu ìkòkò, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tì mí; ó dì í mú bí ẹni tó ń wá olùgbàlà.

“Má fi mí sílẹ̀,” ó wí.

Mi ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, mo dì í pa dà gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe dì í.

Ẹran náà dúdú, ó ń rùn, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà dé orúnkún. Mo sunkún, ẹ bá mi sunkún. Ẹkún òtítọ́ ni mo sun o, ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára jù.

Ọdún ń gorí ọdún. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n yọ kókó kan nínú ikùn mi. Ọkọ mi, lórí ọ̀pá ìtilẹ̀, ló tọ́jú ojú iṣẹ́ abẹ náà. Á fọ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, á fi omi rin etí bándéèjì kó tó ṣí i, kó má baà fa awọ mi. Kò jẹ́ kí n gbé korobá omi. Ọgbẹ́ mi pa dé, ó dán. Nígbà tí dókítà ní ó ti jinná, ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

“Ọwọ́ rẹ ni mo wò kọ́ ọ,” ó wí.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, bóyá ọjọ́ tí òun di ọwọ́ mi mú wà lára ọjọ́ tí mo ń ba egbò náà jẹ́. Mo ní ó wà lára wọn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

Mi ò bẹ̀ yín. Kí ni mo fẹ́ fi ìdáríjì yín ṣe? Ìwọ tí o kọ̀yìn sí mi ni mò ń bẹ̀, bí o kò bá tilẹ̀ yíjú sí mi láéláé. Ẹ̀yin ìyàwó tuntun tí wọ́n kó wá kọ́ ìfaradà lọ́dọ̀ mi, bí ọkọ bá fẹ́ lọ, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ.