Wọn Ò Ṣú Mi Lópó Mọ́

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè kánjú sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ pé inú ilé mi ni mo ti jí wá sí ìsìn òní.

Nígbà tí a sìnkú ọkọ mi tán, ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bùọ̀dá, pè mí sí pálọ̀. Mo bá ẹbí níbẹ̀, gbogbo wọn ti pé. Bùọ̀dá ní àwọn fẹ́ ṣú mi lópó fún àbúrò ọkọ mi, àbíkẹ́yìn ilé. Bí mi ò bá gbà, kí n kó ẹrù mi, kí n má sì tẹ oko kòkó tí èmi àti ọkọ mi jọ dá ní Alajue mọ́.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ náà ń rákò nígbà tí mo wọlé ọkọ. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, torí ọkọ mi lòun náà, ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó dorí kodò láàárín wọn, kò sọ nǹkan kan. Mo gbà pé ó ti fọwọ́ sí i. Ìyẹn dùn mí ju ti oko lọ.

Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè kí n gbàdúrà. Mo ní, Olúwa, mi ò fẹ́ bá ilé ọkọ mi jà, mi ò sì fẹ́ lọ, bá mi wá ọ̀nà mìíràn. Mo lọ bá àwọn ìyá ìjọ, wọ́n sì bá mi gbà á. Bí a ṣe ṣe àmín tán ni ìyàwó pásítọ̀ wa sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Òṣogbo. Ọ́fíìsì ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn."

"Ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n á pe gbogbo yín jókòó ni."

A lọ, ọ́fíìsì náà sì ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé ọkọ mi lóòótọ́. Obìnrin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa kéré sí àkọ́bí mi, ó sì kúnlẹ̀ kí Bùọ̀dá kó tó jókòó. Ó ní ìwé òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n fìyà jẹ èèyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, àti pé ilé ẹjọ́ wà fún ẹni tí kò bá gbọ́. Ó ní ìjọba wa tún bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tọwọ́ bọ̀wé pé opó ló máa yan ẹni tó bá wù ú, bó bá tiẹ̀ fẹ́ lọ́kọ mọ́, ó sì ní ìpín nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó ló fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pín ogún ní Ẹdẹ?"

"Bàbá mi, ọ̀kan wà nínú ìwé àdéhùn náà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ ọ́. Àgbáyé náà ní tiwọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí méjèèjì."

"Ó dáa. Ọkùnrin tó fẹ́ ṣú u ńkọ́? Òun ò lẹ́tọ̀ọ́ ni?"

"Ó ní in, sà. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n." Ó kọjú sí Akọ̀wé. "Ẹ̀yin sà, ṣé ẹ fẹ́ Màmá?"

Akọ̀wé gbójú sókè. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Wọ́n kàn ní kí n wá jókòó ni. Ẹ̀yìn màmá yìí ni mo ti ń sùn. Bùọ̀dá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa fẹ́ ẹni tó ń fun yín nímú?"

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ yìí?"

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ó sì pa Bùọ̀dá náà. Wọ́n pa fìlà dà, wọ́n ní, "Ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká pín in bó ṣe yẹ."

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi yin Olúwa. Ilé àti oko kòkó wà lọ́wọ́ èmi àti àwọn ọmọ mi. Bùọ̀dá mú ìbọn ọdẹ àti agbádá sányán. Akọ̀wé ló jogún ọ̀kadà ọkọ mi. Òun ló fi gbé mi wá láàárọ̀ yìí, ó sì wà níta, ó ń dúró dè mí.