Ohùn Sìdíkátù Ni, Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ẹ̀yin olùkà ojú ewé yìí nínú ìwé ìròyìn, mo kí yín. Ọdún méje ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan sínú tí kì í jẹ́ kí n gbádùn oríyìn kankan. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, torí pé tó bá di Mọ́ńdè tó ń bọ̀, àwọn ẹni méjì tí mo parọ́ fún máa jókòó sínú yàrá kan náà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Tí wọ́n bá ti ya fíìmù tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé e wá kí n bá wọn tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe kó lè já geere. Yàrá mi ní Ijoko ni mo ti ń ṣe é. Mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ògiri, mo fi kúbùsù dí fèrèsé, mi ò sì ń tan fáànù, torí ohùn fáànù máa ń wọ máìkì. Ẹni tó bá lo wákàtí kan níbẹ̀, àfi kó fún aṣọ rẹ̀ bó bá jáde. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣe fíìmù ní Sango àti Ọ̀tà tí kò mọ̀ mí. Gbóyèga Ohùn ni wọ́n ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, olùdarí eré kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Bíọ́dún ya fíìmù nínú ilé kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Sango. Ìtàn ìyá kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọ nù ni. Ilé náà dára lójú kámẹ́rà, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri kì í sinmi. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn ò lè torí tíátà pa jẹnẹrétọ̀. Èmi bá sọ fún Ọ̀gá Bíọ́dún pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé màá yọ ariwo náà kúrò pátápátá. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́, mo tiẹ̀ kówọ́ sápò.

Mi ò rí i yọ. Bí mo bá yọ ariwo, ọ̀rọ̀ á bá a lọ. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ padà, jẹnẹrétọ̀ á tẹ̀lé e wọlé. Òṣèrébìnrin tó ṣe ìyá náà kò sì sí nítòsí tá a lè pè kó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Sìdíkátù ló kó wa yọ. Ìyá Háwá ni à ń pè é. Inú ilé tá a ti ya eré yẹn ló ń gbé. Ará Ìwó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, ọkọ rẹ̀ sì ń gun ọ̀kadà. Nígbà tí à ń ya fíìmù náà, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń dúró sí, á sì máa sọ ọ̀rọ̀ òṣèré náà tẹ̀lé e sábẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Bíọ́dún ló rántí rẹ̀. Ó ní, "Gbóyèga, obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn ńkọ́? All those lines, ó mọ̀ wọ́n lórí. Lọ pè é wá."

Sọ́ńdè mẹ́rin ni Ìyá Háwá fi wá sí Ijoko. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e wá. Á jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, kò ní gbé èrò kankan títí ìyàwó rẹ̀ á fi ṣe tán. Bí mo bá ní kó wọlé wá jókòó, á ní, "Ẹ jẹ́ n wà níbí, kí n má lọ húkọ́ sínú iṣẹ́ yín."

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí ìyá ti rí ẹsẹ̀ bàtà ọmọ rẹ̀ kan lójú títì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Háwá sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo rí i pé omi ti bọ́ lójú mi sórí kíbọ́ọ̀dù. Mo ní kó tún un sọ, mo díbọ́n pé máìkì ò gbé e dáadáa. Irọ́ ni, mo kàn fẹ́ tún un gbọ́ ni.

Lọ́jọ́ tó ṣe tán, Ọ̀gá Bíọ́dún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé: Ohùn ìyá, Sìdíkátù Àlàbí. Ó ní kí n fi sáàárín àwọn orúkọ tó máa ń kọjá nígbà tí fíìmù bá parí. Ọkọ obìnrin yìí gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo gáréèjì ọ̀kadà ló ti mọ̀ pé orúkọ ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ nínú fíìmù.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Mo tẹ orúkọ náà síbẹ̀, mo jókòó, mo ń wò ó. Mo rántí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo kówọ́ sápò. Wọ́n á rí orúkọ yìí, wọ́n á sì mọ̀ pé Gbóyèga Ohùn ò rí ariwo kankan yọ. Mo bá pa á rẹ́. Mo wá tẹ tèmi síbẹ̀ pé èmi ni mo yọ ohùn ìyá jáde nínú ariwo. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí fíìmù jáde, Ìyá Háwá wá bá mi. Mo sọ fún un pé Ọ̀gá Bíọ́dún ló ní òun ò lè fi orúkọ òṣìṣẹ́ oníke sínú fíìmù òun. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì lọ. Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Bíọ́dún náà fi bi mí pé orúkọ obìnrin yẹn dà. Mo sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ kí orúkọ ìyàwó òun wà nínú fíìmù nítorí ẹ̀sìn. Ọkọ tó ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, òun ni mo gbé irọ́ yìí kọ́ lọ́rùn. Inú bí àwọn méjèèjì sí ara wọn, kò sì sí ẹni tó wá ẹnì kejì lọ.

Fíìmù náà gbayì. Èmi ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ohùn tó dára jù, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi títí dòní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí káàkiri kí n wá ṣàlàyé bí mo ṣe yọ ohùn ìyá kúrò nínú ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣàlàyé. Mo da gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀, mo ya àwòrán sójú pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe àjọ̀dún fíìmù nínú gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀tà. Wọ́n kó àwa tí à ń ṣe fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n jókòó síwájú kí kálukú sọ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Bíọ́dún ò wá, ó ń ya eré lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta. Obìnrin kan tó ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n sọ pé ìdí omi ẹ̀rọ àdúgbò òun lòun ti ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń jà láì pariwo. Bàbá kan tó ń lo kámẹ́rà sọ pé oòrùn aago mẹ́rin nìkan lòun fọkàn tán. Èmi náà ń dúró de ìgbà tó máa kàn mí, mo ti tún kọ́là ṣe.

Ọmọbìnrin kan bá dìde. Ó ní, "Sà, mo ti ń try method yín yẹn fún ọdún mẹ́ta, kò ṣiṣẹ́ rí. Mo kàn fẹ́ mọ̀, ṣé bóyá mi ò ní etí iṣẹ́ yìí ni? Kí n lọ kọ́ nǹkan míì?"

Mo lanu kí n dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo rí Ìyá Háwá ní ìlà kẹta. Háwá ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, iṣẹ́ tíátà ló ń kọ́ nílé ìwé, òun ló mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá yìí kò wò mí tìbínú tìbínú. Ó kàn ń wò mí, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ra.

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kò sóhun tó ṣe etí rẹ̀. Mo ní kò sí method kankan, pé irọ́ ni mo ti ń pa fún wọn. Mo ní ẹni tó ni ohùn yẹn ló jókòó síbẹ̀ yẹn, pé Sìdíkátù Àlàbí ló ń jẹ́. Háwá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Wọ́n mú ìyá náà gun orí pèpéle. Bó ṣe gba máìkì báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé gan-an, iná padà, máìkì ò padà, ariwo sì gba gbogbo ilé. Ẹni tó ń tọ́jú máìkì ń wá wáyà kiri. Ìyá Háwá ní kó fi sílẹ̀. Ó gbé máìkì lé orí àga. Ó dúró, ó mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàtà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò pariwo. Ẹ gbà mí gbọ́, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Bàbá oníkámẹ́rà bọ́ awò rẹ̀, ó ń nu ojú. Nígbà tó parí, gbogbo ilé dìde, ìró àtẹ́wọ́ sì bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n bi í bó ṣe ṣe é. Ìyá Háwá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń bá a pariwo, ọ̀fun yín á gbẹ ni. Òkè ni òun máa ń gbà. Abẹ́ lèmi máa ń gbà." Mo rí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ fíìmù tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ oníke sínú fóònù wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tí mo jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tó ti wá korò nìyí. Àwọn èèyàn ń gbá mi mọ́ra, wọ́n ń pè mí ní olóòótọ́. Ìyá Háwá fúnra rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bọ̀dá Gbóyèga, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ rántí mi. Ọ̀gá yín yẹn, mo ti fi jì í." Ó wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí fíìmù jáde, ọkọ òun pe gbogbo ará ilé jọ láti wò ó, àti pé nígbà tó parí, wọ́n jókòó ti àwọn orúkọ tó ń kọjá títí ojú tẹlifíṣọ̀n fi dúdú. Mo ní, "Àmín."

Ọ̀gá Bíọ́dún gbọ́ ìròyìn, ó pè mí láti Abẹ́òkúta. Inú rẹ̀ dùn pé ọkọ obìnrin náà ti wá gbà. Ó ti kọ fíìmù tuntun, ó sì fẹ́ kí Ìyá Háwá wá síwájú kámẹ́rà, ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Mọ́ńdè ni wọ́n máa pàdé. Mo gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti tún sọ fún gbogbo gáréèjì.

Ẹ̀yin olùkà, ǹ bá bi yín pé kí ni kí n ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń ka ojú ewé yìí. Lọ́jọ́ Sátidé, ní àkókò ìsinmi nílé iṣẹ́ oníke, àwọn obìnrin máa ń jókòó yí Ìyá Háwá ká, á kà á fún wọn, wọn á sì máa dá ẹjọ́. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ gbogbo èyí jáde báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ìyá Háwá, Ọ̀gá Bíọ́dún kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa yín rí. Èmi ni mo sọ ọ́. Òun gan-an ló kọ orúkọ yín, èmi ni mo pa á rẹ́. Mo sì purọ́ mọ́ Bàbá Háwá fún un. Mo pe Ọ̀gá Bíọ́dún láàárọ̀ tí mo kọ ìwé yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò tíì sọ bóyá òun máa dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ní Mọ́ńdè yín kò yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá Háwá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣì lọ bá ọ̀gá náà.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ jókòó yí i ká, tó bá dákẹ́ níbí, ẹ má kán an lójú. Ẹ jẹ́ kó mí. Mo ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹ̀dà fíìmù yẹn tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti kọ èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ láti ọdún méje sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ò dákẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ sọ fún un kó gba abẹ́ rẹ̀, kó ka ìlà tó kù yìí kí gbogbo yín gbọ́.

Ohùn ìyá: Sìdíkátù Àlàbí.